Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní Àjàṣẹ́: kí ni mo lè gbà, ọ̀dọ̀ ta sì ni màá lọ?

Ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Kétu, nílẹ̀ Benin wa níbí. Ọmọ ọdún 33 ni, ó níyàwó, ó bímọ 3. Odidi ọdún 7 ló fi ń ṣọ́ ẹrù ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). 80,000 fránkì ló ń gbà lóṣù, ó sì ní òun kò lọ ìsinmi kankan láti ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ọ̀gá rẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní ọjà ò tà mọ́, kó má wulẹ̀ wá ní ọjọ́ Ajé. Ó ka 100,000 fránkì lé e lọ́wọ́, ó ní kó fọwọ́ sí ìwé kan. Ó fọwọ́ sí i. Ó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ padà sí Kétu, sí ilé bàbá rẹ̀. Bó ṣe béèrè rẹ̀ rèé:

“Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Faransé. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀, wọ́n ń san owó fún un lóṣooṣù títí ó fi rí òmíràn. Ṣé àwa náà ní irú ẹ̀ níbí? Kí ni mo lè lọ béèrè, ọ̀dọ̀ ta sì ni màá lọ? Ìyàwó mi ń dín àkàrà, òun la fi ń jẹun báyìí. Àbúrò mi obìnrin ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ilé lòun náà jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan tún wà níbẹ̀: ọ̀gá tí mò ń wí yìí, ẹbí ìyá ìyàwó mi ni. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí da ilé rú.”

Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Màá kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dùn-ún gbọ́, kí o má baà máa retí ohun tí kò sí. Ìjọba Benin kì í san owó oṣooṣù fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. CNSS, àpò tí wọ́n ń yọ owó àwọn òṣìṣẹ́ sí, wà fún owó ìfẹ̀yìntì, owó ọmọ, ìsinmi ìbímọ, àti ẹni tó bá fara pa tàbí tó kó àìsàn níbi iṣẹ́. Àìríṣẹ́ṣe kò sí nínú ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní Faransé, àpò ọ̀tọ̀ wà tí wọ́n ń dá owó sí fún un. Níbí, a ò tíì ní in. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìkéde ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp pé ìjọba ń pín “owó àwọn tí kò níṣẹ́”, tó ní kí o fi 2,000 ránṣẹ́ láti fi forúkọ sílẹ̀, gbájú-ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ tán, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ ìjọba ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Owó rẹ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn gbé ìwé kiri bírò ní Àjàṣẹ́, ohun tí mo sì rí jù ni pé ẹni tí wọ́n dá dúró á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri nítorí ìrànlọ́wọ́ 30,000, á sì fi 200,000 tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dá a dúró. Kò mọ̀ pé òun ní in ni. Ó ń rò pé àánú ni ọ̀gá ṣe òun. Jókòó, jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe ní 1998, kò gbà kí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ má wá lọ́jọ́ Ajé. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún un ṣáájú. Àkókò yẹn ni wọ́n ń pè ní préavis: ọjọ́ 15 fún ẹni tí wọ́n ń fi wákàtí sanwó fún, oṣù 1 fún òṣìṣẹ́ olówó oṣù bíi tìrẹ, oṣù 3 fún àwọn tó wà nípò ọ̀gá. Bí kò bá jẹ́ kí o ṣe oṣù náà parí, àfi kó san owó rẹ̀. 80,000 fránkì nìyẹn.

Ìsinmi náà ń bẹ ńlẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 2 ló jẹ́ tìrẹ fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí o bá ṣe, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 24 lọ́dún. Èyí tí o kò lọ kò ṣègbé. Bí iṣẹ́ bá parí, owó ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Ti ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù kan gbáko, nítorí náà kọ 80,000 mìíràn sílẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù ni owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n dá dúró láìṣẹ̀, indemnité de licenciement. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ wà nínú àdéhùn gbogbogbòò tí àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ní 2005. Wọ́n á mú àròpín owó oṣù 12 tó gbẹ̀yìn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọdún 5 àkọ́kọ́, ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ ni tìrẹ. Láti ọdún kẹfà dé ìkẹwàá, ìdá 35. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 40. Ìdá 30 nínú 80,000 jẹ́ 24,000. Lọ́nà 5, ó di 120,000. Ìdá 35 jẹ́ 28,000. Lọ́nà 2, ó di 56,000. Kó wọn pọ̀: 176,000 fránkì. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe ńlá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní faute lourde, bíi olè jíjà, ló máa ń pàdánù rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ lo ní kí ọjà má tà.

Àpapọ̀ rẹ̀ dé 336,000 fránkì. 100,000 ló kà fún ọ. Owó tó tó 236,000 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kò tíì sọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ o. Òfin mìíràn tún wà, ti 29 August 2017, tó sọ ohun tó yẹ kí ọ̀gá ṣe kó tó dá ènìyàn dúró àti ohun tí ilé ẹjọ́ lè ní kó san bí ó bá ṣe é láìtọ́: kò gbọ́dọ̀ dín sí owó oṣù 3, kò sì gbọ́dọ̀ ju owó oṣù 9 lọ. Mi ò sọ èyí kí o lè sáré gba ilé ẹjọ́ lọ. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ẹni tó jókòó kọjú sí ọ náà ní ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù.

Ìwé tí o fọwọ́ sí ńkọ́? Bí mo bá mọ ilẹ̀ wa dáadáa, wọ́n kọ “pour solde de tout compte” sí i, ìyẹn ni pé gbogbo owó ti pé, kò sí gbèsè mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé bí àwọn ti fọwọ́ sí i, ilẹ̀ ti kún. Má gbà bẹ́ẹ̀. Gbé ìwé náà dání lọ sọ́dọ̀ inspecteur du travail, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, kí ó kà á. Kò sí ohun tó ní kí ẹni tó gba 100,000 níbi tó ti yẹ kó gba 336,000 dákẹ́ nítorí pé wọ́n ti bírò sí i lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin mìíràn tó ń kà á, tí wọn ò tíì lé yín: bí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ẹ kọ iye owó tí ẹ gbà gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ ní ẹ fẹ́ mú un lọ sílé kí ọmọ yín kà á. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Tún béèrè certificat de travail. Ìwé kékeré ni, ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí o parí àti irú iṣẹ́ tí o ṣe ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ fi dù ọ́, ìbáà jẹ́ pé ẹ jà kí ẹ tó ya. Láìsí i, ọdún 7 rẹ á dà bí ẹni pé kò sí lójú ẹni tó bá fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí ni inspection du travail, èyí tó wà ní Àjàṣẹ́ ni tìrẹ nítorí ibẹ̀ lo ti ṣiṣẹ́. O kò ní san kọ́bọ̀. Wàá sọ ẹjọ́ rẹ, wọ́n á kọ̀wé pe ọ̀gá rẹ, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pẹ̀tù sí i. Òfin ní kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá ná kó tó lè dé ilé ẹjọ́. Bí ẹ bá gbà, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá gbà, wọ́n á kọ ìyẹn náà, ìwé yẹn lá sì gbé ọ dé ilé ẹjọ́.

Àwọn kan á ní, “Mi ò ní ìwé kankan tó fi hàn pé mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀.” Mo tẹ̀ lé ọkùnrin kan lọ síbẹ̀ rí, ilé búrẹ́dì ló ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò tíì ju ọdún 2 lọ lọ́dọ̀ òun. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ki ọwọ́ sínú àpò ike, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé kan yọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ìyẹ̀fun ti wọ sáàárín ojú ìwé rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí inspecteur ṣe ṣí i, eruku funfun bọ́ sórí tábìlì. Àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n lò ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, fún ọdún 6. Inspecteur fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí ojú ìwé, ó tún yí i, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.” Gbogbo ohun tó bá lè jẹ́rìí ni kí o kó dání: owó oṣù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, fọ́tò tí o yà níwájú ìsọ̀, ìwé ìkẹ́rù tí o fọwọ́ sí, ẹni tí ẹ jọ gbé sìmẹ́ńtì.

Ti CNSS ló kàn. O kọ ọ́ síbi kan nínú lẹ́tà rẹ, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, pé wọ́n máa ń yọ “owó CNSS” lórí bulletin de paie rẹ, ìwé owó oṣù, lóṣooṣù, ṣùgbọ́n o kò rí káàdì rí. Ọmọ mi, èyí já mọ́ nǹkan gan-an. Ìdá 3.6 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì. Lára 80,000, ó jẹ́ 2,880 fránkì lóṣù. Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ fi ìdá 6.4 tirẹ̀ kún un, ìyẹn 5,120. Lóṣooṣù, 8,000 fránkì ló yẹ kó máa wọlé sí orúkọ rẹ. Ṣé ó wọlé? Lọ sí ilé iṣẹ́ CNSS ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú bulletin rẹ méjì tàbí mẹ́ta, ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ rẹ hàn ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ tí wọn ò san án, sọ ọ́ níbẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún inspecteur náà. CNSS ní agbára láti lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ìwọ kò ní.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé kí ènìyàn tó lè máa gba owó ìfẹ̀yìntì ní ọmọ 60 ọdún, ó gbọ́dọ̀ ti ní oṣù 180 lórí àkọsílẹ̀. Ọdún 7 rẹ jẹ́ oṣù 84. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà, o ò sì mọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa oṣù 84 yẹn rẹ́. Bí o bá rí iṣẹ́ mìíràn, nọ́ńbà kan náà ni wàá máa lò. Bí o kò bá rí i, béèrè lọ́wọ́ wọn nípa assurance volontaire, kí o lè máa san án fúnra rẹ. Tètè béèrè o, nítorí wọn kì í fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Bi wọ́n léèrè nípa owó ọmọ náà. Ọmọ 3 lo ní. Ǹjẹ́ o gbé ìwé ìbí wọn lọ síbẹ̀ rí nígbà tí o wà lẹ́nu iṣẹ́? Ọ̀pọ̀ bàbá kò ṣe é rí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó wà.

Ó yá, ìjọba wàyí. ANPE ni ilé iṣẹ́ tó ń rí sí àwọn tó ń wá iṣẹ́, 2003 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, o lè ṣe é lórí fóònù tàbí ní ẹ̀ka wọn. Àwọn ènìyàn máa ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ju ìwé sínú kànga, wọ́n á padà sílé lọ máa retí ìpè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ síbẹ̀, jókòó síwájú olùdámọ̀ràn, sọ pé ọdún 7 lo fi ń ṣọ́ àkójọ ẹrù, pé o mọ̀ ọ́n kà, o mọ̀ ọ́n kọ, o mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé ìṣúra ọjà. Magasinier ni orúkọ iṣẹ́ rẹ lójú wọn. Bí o bá kọ “iṣẹ́ èyíkéyìí” síbẹ̀, kò sí iṣẹ́ tó máa bá a mu.

Nínú ohun tó wà lọ́dọ̀ wọn, Azôli ni mo fẹ́ kí o béèrè pàtó. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé wọn kò jìn, láti ọmọ ọdún 15 dé 35, ni wọ́n ṣe é fún: wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò, wọ́n sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ìwọ ti pé 33. Fún ọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọdún tó ń bọ̀. Lọ béèrè bóyá wọ́n ṣì máa ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní Kétu, kí o sì máa padà lọ béèrè.

Ti àbúrò rẹ yàtọ̀. Ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, PSIE ló yẹ kó wo, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020: ìjọba ń fi àwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga sí ilé iṣẹ́, ó sì ń san owó oṣù wọn fún àkókò kan, kí wọ́n lè rí ìrírí kó. Ìdánwò wà nínú rẹ̀, èrò sì pọ̀. Kó máa wo ìkéde wọn, kó má sì jókòó tì í.

Ní ti ìyàwó rẹ, ẹni tó ń bọ́ gbogbo yín lọ́wọ́lọ́wọ́, o ti gbọ́ nípa Alafia. Orúkọ rẹ̀ dùn létí wa, àlàáfíà wa náà ni. Owó ìyálò kékeré ni, láti ọwọ́ Fonds National de la Microfinance; 30,000 fránkì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2020, wọ́n sì ń gbà á gba orí fóònù. Ẹni tó ń dín àkàrà lè fi ra ẹ̀wà lápò nígbà tó bá pọ̀ ní ọjà Kétu, dípò kó máa ra kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Èrè tó wà níbẹ̀ hàn sí mi kedere. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, àfi kí ẹ san án padà pẹ̀lú èlé rẹ̀. Bí ẹ bá gbà á láti fi jẹun tàbí láti fi san gbèsè ilé Àjàṣẹ́, ẹ ti fi gbèsè rọ́pò ebi, ebi náà á sì padà. Òun ni kó gbà á, sí orúkọ ara rẹ̀, sí òwò ara rẹ̀. Má ṣe bá a gbé e.

Ilé mìíràn tó yẹ kí o yà ni GUPS. CPS ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, ibi tí àwọn assistante sociale ń jókòó sí. Ó wà ní Kétu, ó wà ní Pobè, ó wà ní Sábẹ, ó wà ní àwọn kọmúùnù yòókù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní rárá. Ìwé ńlá kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìdílé tó tòṣì jù sí, registre social. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni ARCH, ètò ìjọba kan, ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, àwọn náà ni ètò Gbessoke ń fi owó ránṣẹ́ sí. Màá sọ òótọ́ fún ọ: ẹni tó ń gba 80,000 títí di àná, tó ní ilé bàbá tó padà sí, lè má bọ́ sínú ìwé náà. SMIG, owó tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́, jẹ́ 52,000 láti January 2023. Ìwọ ju ìyẹn lọ. Lọ síbẹ̀ síbẹ̀, ṣàlàyé pé ipò rẹ ti yí padà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ àgbà bá wà nínú ilé yẹn tí wọn ò rí ẹni tọ́jú wọn, sọ tiwọn náà. Kò sí iye kan tí ẹnikẹ́ni ń san láti wọ inú ìwé yìí, ìbáà jẹ́ olórí àdúgbò ló ní kí o mú nǹkan wá.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ̀ ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láìsí pé ẹ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Láti 2006, owó ilé ìwé kò sí mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, nítorí náà bí ọmọ rẹ bá ń lọ sí ti aládàáni ní Àjàṣẹ́, má tijú láti fi í sí ti ìjọba ní Kétu, kí o sì béèrè èyí tó ní cantine, tí ọmọ ti ń jẹun ọ̀sán. Láti 2009, iṣẹ́ abẹ ìbímọ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé jẹ́ ọ̀fẹ́.

Gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyí, ìwé kan náà ló ń ṣí wọn. Kí o tó jáde nílé, rí i pé ìwé ìbí rẹ, ti ìyàwó rẹ àti ti àwọn ọmọ wà, pé o ní CIP, ìwé ìdánimọ̀, tí NPI rẹ, nọ́ńbà ìdánimọ̀, wà lórí rẹ̀, àti pé orúkọ rẹ rí bákan náà lórí gbogbo wọn. Mo ti rí i tí lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú orúkọ Yorùbá tí akọ̀wé kan kọ bó ṣe gbọ́ ọ dá ọ̀rọ̀ CNSS dúró fún oṣù mélòó kan. ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìdánimọ̀, ló ń tún irú ẹ̀ ṣe. Ya ẹ̀dà wọn, kó wọn sínú àpò ike, má sì fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí èdè Faransé rẹ kò bá dán mọ́rán, sọ Yorùbá ní àwọn bírò wọ̀nyí. Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, kò ṣòro láti rí ẹni tó gbọ́ ọ. Èyí tó burú ni kí o máa mi orí sí ohun tí kò yé ọ.

Yàtọ̀ sí ìjọba, o kò kọ ẹ̀sìn rẹ, ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà lára àwọn ẹni 8 tí Kùránì ní kí wọ́n fún ní sàká. Kì í ṣe alágbe nìkan ni wọ́n ń fún. Bá lèmọ́mù àdúgbò rẹ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bí o bá sì ti ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn ará ìsọ̀, lọ gba tìrẹ kí wọ́n tó gbàgbé ojú rẹ.

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Bí owó yìí bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ẹnìkan á wá sọ fún ọ pé kí o fi ra kpayo, epo fàyàwọ́, wá láti òkè ibodè, pé ó sún mọ́ Kétu. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, èrè tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fò lọ. Ní September ọdún kan náà, ilé epo bẹ́ẹ̀ jóná ní Sèmè-Kraké, ó lé ní 30 ènìyàn tó kú. O ní ọmọ 3. Má ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹbí, mo sì mọ̀ pé òun ló wúwo jù lọ́kàn rẹ. Má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ inspecteur. Mú bébà kan, kọ ọ́ sí i ní ìlà-ìlà: préavis 80,000, ìsinmi 80,000, indemnité 176,000, àpapọ̀ 336,000, mo ti gba 100,000, ó ku 236,000. Wá bàbá kan tí ọ̀gá rẹ kò lè gbójú sókè wò, kí ẹ jọ lọ bá a nílé, kì í ṣe ní ìsọ̀ níwájú àwọn oníbàárà. Kí bàbá náà fi bébà náà lé e lọ́wọ́, kí ó sọ pé òfin ló sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ. Bí ó bá ní òun kò ní in lẹ́ẹ̀kan náà, gbà kó san án díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ inspecteur láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọjọ́ tó máa san án hàn. Fún un ní ọ̀sẹ̀ 2. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá pé tí kò sí èsì, gbé ìwé rẹ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ.

Kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, ìwọ àti ìyàwó rẹ ẹ lọ bá ìyá rẹ̀, kí ẹ ka iye náà sí i létí. Ẹnu ẹ̀yin méjèèjì ni kó ti gbọ́ ọ, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí rẹ̀ pé o pe òun lẹ́jọ́.